Ọjọ́ Tí Bàbá Tísà Ṣubú ní Kíláàsì

Ẹni tó bá mọ Nọ́ọ̀sì dáadáa yóò sọ fún ọ pé ẹ̀rù kì í bà á. Yàrá pàjáwìrì ló ti fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, níbi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn wọlé pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò lè jókòó sílé kí òun máa wo àjà. Ọkọ rẹ̀, tísà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀, náà kò fẹ́ jókòó lásán. Ni tọkọtaya bá gba ilé ìwé girama tó wà nítòsí ilé wọn lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní nǹkan méjì lọ́fẹ̀ẹ́: bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí èèyàn là, àti bí wọ́n ṣe ń kàwé kó yéni.

Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín. "Ti gbígba ẹ̀mí là yẹn, ó dáa. Ṣùgbọ́n Bàbá, ọmọ tó ti dé kíláàsì àgbà, ṣé kò tíì mọ̀wé kà ni?"

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná," ni Tísà fi dá a lóhùn.

Wọ́n wò ó, ẹnu sì ya gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tó ti ń hu irùngbọ̀n ń táràrà lórí ọ̀rọ̀ kéékèèké, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi. Bí Tísà ṣe to tábìlì sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ilé ìwé náà nìyẹn, tí Nọ́ọ̀sì gba iwájú pẹ̀lú ọmọlangidi ńlá kan tí àwọn ọmọ sọ ní Bàbá Rọ́bà, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Ìdákẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tó yá lọ́wọ́ tó o lórí Bàbá Rọ́bà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì na ìwé kan sí i pé kó ka ohun tí èèyàn máa ṣe bí nǹkan bá há ẹlòmíì lọ́fun, ọmọ náà wo ìwé, ó dojú ìwé náà délẹ̀ lórí tábìlì, ó sì rìn jáde.

"Ọmọ yẹn ya olóríkunkun," ni Nọ́ọ̀sì wí nígbà tí wọ́n délé. "Ìwé ni mo ní kó kà, mi ò ní kó gbé òkè."

"Fi í sílẹ̀ fún mi," ni Tísà wí.

Láti ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì ti ń rí àwọn méjèèjì ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí wọ́n tẹrí ba sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ àti páálí oògùn. Ìkùnsínú lásán ló ń gbọ́. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, inú gbogbo wọn ń dùn. Ọmọkùnrin ṣìgìdìgbà kan tí wọ́n ń pè ní Àpáta kúnlẹ̀ ti Bàbá Rọ́bà, Nọ́ọ̀sì sì ń pariwo lé e lórí.

"Tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa! Ṣé o rò pé á sunkún ni?"

Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan dún gbì ní ẹ̀yìn.

"Ta ló ń ṣeré níbẹ̀ yẹn?" ni Nọ́ọ̀sì bi wọ́n láìwẹ̀yìn.

Ó yíjú padà. Tísà ló nà gbalaja sáàárín tábìlì méjì. Awò ojú rẹ̀ ti fò lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti funfun bí eérú.

Gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe ló wá sí Nọ́ọ̀sì lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra. Ó gbọ́ ìró kan lọ́fun ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń hanrun. Ó mọ̀ pé èyí kì í ṣe mímí. Bọ́tìnnì kan tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Láàárọ̀ ni ọkùnrin náà ní kó bá òun rán an, tí òun sì ní kó lọ wọ òmíràn.

"Màmá Nọ́ọ̀sì!" Àpáta ń ké. "Màmá, kí la máa ṣe?"

Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi.

Ìdákẹ́ ti kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń gbá baba náà léjìká. "Bàbá Tísà! Ẹ dá mi lóhùn!" Ó gbé etí sí i lẹ́nu. "Kò mí bó ṣe yẹ. Àpáta, wá tẹ àyà rẹ̀! Ìwọ, pe ọkọ̀ pàjáwìrì! Kí ẹnìkan sáré lọ gbé àpótí pupa ara ògiri yẹn wá!"

Nọ́ọ̀sì kò tíì gbọ́ kí ọmọ náà gbóhùn sókè rí.

Àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nǹkan ró kọ̀ọ̀ nínú àyà Tísà, ọmọ náà sì ká ọwọ́ kúrò. "Yéè! Mo ti ṣẹ́ wọn léegun!"

Ìgbà yẹn ni ẹnu Nọ́ọ̀sì là. "Má dúró! Eegun á jiná. Tẹ̀ ẹ́!"

Wọ́n gbé àpótí dé. Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí ló wà nínú rẹ̀, Nọ́ọ̀sì ti fi hàn wọ́n rí, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó yẹ kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́, ó kàn ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò ni. Ìdákẹ́ fa ìdérí rẹ̀ mọ́ra. Ìtọ́ni wà nínú rẹ̀.

"Gbé e fún ẹlòmíì!" ni ẹnìkan kígbe. "Kò mọ̀wé kà!"

Ọmọ náà fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Bọ́... aṣọ... àyà rẹ̀. Lẹ ọ̀kan... mọ́ ìsàlẹ̀... èjìká ọ̀tún. Lẹ èkejì... mọ́ abẹ́... abíyá òsì."

Bó ṣe ń kà á ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ tí Nọ́ọ̀sì pè ní olóríkunkun ló ń kàwé yìí, ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ ló sì ń kà lé lórí.

"Kí ẹnikẹ́ni... má ṣe... fọwọ́ kàn án. Ẹ kúrò lára wọn!"

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ara Tísà ta kìjí. Ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nígbà náà. Ó sáré dé ibẹ̀, ó ti Àpáta sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń tẹ àyà ọkọ rẹ̀ lọ, omijé ń kán sí i lára, títí ọwọ́ Tísà fi gbéra láti ilẹ̀, tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ pàjáwìrì dé, wọ́n béèrè ẹni tó lo ẹ̀rọ. Gbogbo kíláàsì nawọ́ sí Ìdákẹ́, tó jókòó ti ògiri.

Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí Tísà lè sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi ìyàwó rẹ̀ ni pé, "Mọ́tò wo ló gùn mí láyà?"

Nọ́ọ̀sì ròyìn fún un. Nígbà tó dé ibi ìdérí, Tísà fẹ́ dìde.

"Ìdákẹ́ kà á? Sókè? Níwájú gbogbo wọn?"

"Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ."

Ojú ọkùnrin náà kún fún omi. "Nígbà tó wá bá mi, álífábẹ́ẹ̀tì gan-an kò pé lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Èmi náà ńkọ́? Mo kàn dúró bí òpó ni. Èmi!"

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí ọjọ́ tó o dákẹ́ rí," ni Tísà wí. "Ọjọ́ tó o wá dákẹ́ yìí, ó dùn mí pé mi ò sí láyé láti gbádùn ẹ̀."

Ẹ̀rín àti ẹkún gbá Nọ́ọ̀sì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó padà sí ilé ìwé, òun nìkan ló lọ. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún àwọn ọmọ náà. "Ohun tí mi ò kọ́ yín ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an lè gan pa. Bẹ́ ẹ bá tún rí mi bẹ́ẹ̀, ẹ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ yín."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọkùnrin tó máa ń ka ìkéde fún gbogbo ilé ìwé láràárọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "nǹkan tí Bàbá Tísà ń kọ́ Ìdákẹ́ yẹn, ṣé wọ́n lè kọ́ èmi náà?"

Nọ́ọ̀sì rò pé ó ń ṣàwàdà. "Ìwọ kẹ̀? Ìkéde tí ò ń kà láràárọ̀ ńkọ́?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n máa ń fún mi. Àbúrò mi ló máa ń kà á sí mi létí nílé, èmi a sì há a sórí."

Nọ́ọ̀sì wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé kò rí i rí. Nígbà tó yá, ó fa àga kan jáde.

"Ti ilẹ̀kùn," ó wí. "Wá jókòó."