Ìgò Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sin

Ẹ̀gbọ́n mi Sylvestre sin mí láàyè, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kí n má bínú.

Nígbà tí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá mi, wọ́n fi ẹran náà sínú ìgò tí omi oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n gbé e lọ sí Kútọnú fún àyẹ̀wò. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn ló máa ń gbé e lọ. Mo dùbúlẹ̀, mo ń retí èsì. A wa iṣu, Rachelle ìyàwó mi tà á tán ní ọjà Glazoué, èsì kò dé.

Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, Dókítà Marlène tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi béèrè pé, "Èsì dà? Àwọn purotéènì inú ẹran yẹn ló máa sọ bóyá àìsàn náà máa padà, àti oògùn tó yẹ yín."

Sylvestre tẹjú mọ́lẹ̀. "Mo ti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá wa ní Lèma, abúlé wa. Ẹran ara ọmọ Ìdáàṣà kì í sùn nílẹ̀ àjèjì."

"Ta ló kú?" ni mo bi í.

"Àbúrò, má pariwo. Mo gbàdúrà sí i."

"Ẹ gbàdúrà òkú lé mi lórí! Ṣé ẹ ti ra pósí náà?"

Dókítà dá sí i. "Bàbá, ṣé ẹ da omi inú ìgò nù?"

"Rárá o. Òórùn tó ń ti ìdérí rẹ̀ jáde ta mí nímú, n kò ṣí i."

"Ẹ lọ hú u kíá. Ó lè má tíì bàjẹ́."

Èmi tí ojú abẹ ń dùn ni mo gbẹ́ ilẹ̀ náà. Sylvestre fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo ní kó má fọwọ́ kan ọkọ́ mi. Ó tilẹ̀ ti ri àgbélébùú kékeré mọ́ ibẹ̀. Mo fà á tu, mo gbé ìgò náà mọ́ àyà, mo wọ ọkọ̀ Kútọnú.

Èsì dé. Dókítà ní àwọn purotéènì kan tó yẹ kó máa ṣọ́ ara kò sí nínú ẹran náà, àti pé irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, tí a bá tètè gé e bíi tèmi, kì í sábà padà. Wọn ò ní fún mi ní oògùn líle, wọn á kàn máa yẹ̀ mí wò. Rachelle sunkún ayọ̀. Èmi ń ro ihò yẹn.

Nírọ̀lẹ́, Sylvestre gbé àkùkọ gun òkè wá sílé wa. "Àbúrò, kí ni wọ́n wí?"

"Ẹ lọ bi ihò tí ẹ gbẹ́."

Ó jókòó sórí àpáta iwájú ilé. Mo gba àkùkọ náà, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Kí òun náà retí èsì.