Márùn-ún Dípò Mẹ́rin

Omi ń kán láti ìdí kúlà abẹ́rẹ́ nígbà tí Lydia, nọ́ọ̀sì, gbé e ka orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà Láwàlì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣàpọ́n. Theophilus sáré gbá àwọn díìsìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ jẹ́ kí omi gbé wọn lọ,” ni nọ́ọ̀sì náà wí. “Mo gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé abúlé yẹn lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá. Ìsọ̀ ṣófo. Ewúrẹ́ nìkan ló wá pàdé mi, títí yìnyín fi yọ́ tí abẹ́rẹ́ bàjẹ́. Àná ni wọ́n ná ọjà! Òní ni ìwé ọjọ́ ọjà tuntun tí ẹ tẹ̀ fún wa wí. Àbí ẹ̀rọ yín ní ọjà tirẹ̀ tó ń ná ni?”

Láwàlì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Èéyi ti wọ abúlé náà, ó ń mú àwọn ọmọdé.

“Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ mìíràn ń bọ̀?” ni Theophilus bèèrè.

“Ìparí oṣù, bí wọ́n bá rí i. Èéyi kì í dúró de lọ́rì.”

Theophilus jókòó. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ọjọ́ ọjà. Kò tà á. Ẹni tó bá gbé díìsìkì wá, wọ́n á dà á kọ fún un. “Ẹ fún ẹlòmíràn. Ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ tún un ṣe.” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ó ń fi ìka tọ ìlà ètò náà lójú ẹ̀rọ. Ìka dúró.

“Láwàlì, ta ló kọ márùn-ún síbí?”

“Èmi ni, Tíṣà. Mẹ́rin lẹ kọ. Ọrún ni ọjà wọn, ọmọdé gan-an mọ̀ pé márùn-ún ni. Mo ní kí n bá yín tún un ṣe, kí wọ́n má baà fi yín ṣẹ̀sín.”

“Àwa ń ka òní mọ́ ọn kó tó pé márùn-ún. Ẹ̀rọ kì í ka òní. Ọ̀la ló ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Láwàlì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Kò kà á tán tó fi bo ẹnu.

“Láìláà! Tíṣà, ẹ má bínú.”

“Ta lo ti fún?”

“Sàlàhúdíìnì, ní Ìjẹmọ̀. Péjú, ní ilé ìwòsàn ìjọ yín. Àti ọkùnrin kan tó wọ dàńṣíkí àwọ̀ ewé. Ó ní àwọn abúlé lòún ń tẹ̀wé abẹ́rẹ́ fún.”

“Orúkọ rẹ̀?”

“Mi ò bèèrè. Ẹ̀yin náà kì í bèèrè.”

Theophilus gun ẹ̀yìn alùpùpù Fẹ́sípà Láwàlì, wọ́n jáde lọ gba àwọn díìsìkì náà padà. Sàlàhúdíìnì kó tirẹ̀ sílẹ̀ láìjanpata. Péjú ti tẹ ìwé jáde. Ó fà á ya lójú wọn. Wọ́n wá ọkùnrin dàńṣíkí dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, dé ibùdókọ̀. Àwọn awakọ̀ ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá. Theophilus ń na ọwọ́ sí gbogbo aláṣọ àwọ̀ ewé tó kọjá.

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ mẹ́rin padà sínú gbogbo díìsìkì tí wọ́n rí gbà.

Ti ọkùnrin dàńṣíkí ṣì wà níta. Márùn-ún ló wà nínú rẹ̀.