Tíkì Tó Lójú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tí Emmanuel gbé fóònù síwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹyẹrúnkà. Ère onígi kan ló wà nínú àwòrán náà, ojú rẹ̀ ràkọ̀ràkọ̀, ó la ẹnu gbàgàdà bí ẹni tí ata ta. "Tíkì ni wọ́n ń pè é, mà," ni Emmanuel wí. Ó fẹ́ ṣí ilé ọtí sí ẹ̀gbẹ́ Agodi, ó ní tíkì ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lókè òkun.

Mi ò gbẹ́ ju odó àti ọmọ odó lọ rí, àmọ́ mo ní mo lè ṣe é. Kí ni n bá tún sọ? Láti ìgbà tí Adégòkè ọkọ mi ti kú ni Obed, àbúrò rẹ̀, ti ń yí ṣọ́ọ̀bù náà po bí adìẹ tó rí àgbàdo. Ó ní obìnrin kì í gbẹ́gi, kí n jẹ́ kí òun sọ ibẹ̀ di ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ó ti sọ lójú ẹbí pé ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ iṣẹ́ mi, lọ́jọ́ kejì lòun ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbẹ́ ẹ. Bàbá ọkọ mi, tó kọ́ wa níṣẹ́, a máa sọ pé ojú tí kò bá jọ ojú ẹnì kan, ìtì igi lásán ni. Bí mo ṣe ń ro ẹnu gbàgàdà, ẹnu gbàgàdà, tí ọwọ́ mi ń lọ nìyẹn. Ìgbà tí mo gbọn èérún igi dànù, ìyá ọkọ mi gan-an ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, tèjí tàbàjà!

Grace aránṣọ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀ gbàà: "Ẹ káàárọ̀, Màmá!" Kí oòrùn tó mú, ìdajì agbo ilé ti wá kí igi. Màmá fúnra wọn tẹ̀pá dé, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Títílayọ̀, imú mi kò fẹ̀ tó báyìí o!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, eyín wọn àti eyín igi jọ ń dán.

Àmọ́ Emmanuel ò rẹ́rìn-ín nígbà tó dé. "Mà, tíkì kì í kọlà."

Mofẹ́olúwa ọmọ mi ti wà lórí fóònù tirẹ̀. "Ẹ dúró ná, bọ̀dá," ló wí. "Lọ́dọ̀ àwọn Máórì, ní erékùṣù kan lọ́nà jíjìn, Tíkì lorúkọ ènìyàn àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń gbẹ́ àwọn baba ńlá wọn sígi, wọ́n á sì fín ilà ojú wọn sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló gbé orúkọ náà lọ sílé ọtí, kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Baba oníbaba ni wọ́n gbé sílé ọtí?" ni Màmá bi í.

Emmanuel tún wo ère náà dáadáa. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yín pé, mà. Ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ."

Mo ti fò sókè fún ayọ̀ kí Màmá tó fi ọ̀pá dí ọ̀nà. "Gbé ta lọ?" ni wọ́n wí. "Èmi tí mò ń wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n lọ dúró ṣọ́ ọ̀mùtí? Ìwọ ò ní baba ni?"

Emmanuel họrí, ó wá rẹ́rìn-ín níkẹyìn. "Bàbá mi àgbà ta ẹmu ní Bẹẹrẹ títí wọ́n fi kú."

"Ojú tó yẹ ilé ọtí nìyẹn!" ni Màmá wí. Emmanuel ṣèlérí pé òun á mú fọ́tò bàbá náà wá kí n fi gbẹ́ òmíràn, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dé etí Obed ni pé oníbàárà fọwọ́ lásán lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù láti inú oòrùn, ó nawọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́. Inú ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ère náà dúró sí. Obed kò ó lójú kòrókòró, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérún igi.

"Ẹ káàárọ̀, mà! Mo kàn ní kí n yà kí yín ni o!"

Màmá gidi yọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá gbá a nídìí. "Dìde, Obed. Igi tí obìnrin gbẹ́ lo dọ̀bálẹ̀ fún."