Ohun Ìjà Tí Ìyá Aránṣọ Lè Lò

Ọ̀sán gangan ni olè fẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Aránṣọ ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Ìyá rẹ̀, tí ojú wọn ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́ta, nìkan ló wà nílé. Wọ́n rò pé ọmọ wọn ló dé, wọ́n dìde láti kí i káàbọ̀. Olè náà tì wọ́n lulẹ̀, ó gbé maṣínì ìránṣọ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá àgbà kán.

Nígbà tí aránṣọ dé, kò sunkún. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Oṣù márùn-ún ló fi ń sọ fún onílé pé igi rẹ̀ ti jẹrà. Onílé á ní òun ti gbọ́, á sì kọ etí ikún sí i.

Àwọn ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Inú bí i débi pé kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ wẹ́dà, wá kí wọn, ó sì fa ìbọn pélébé kan yọ nínú àpò irinṣẹ́. Ó ní lóòótọ́ kò níwèé-àṣẹ, àmọ́ ta ló máa béèrè? Aránṣọ gbà á. Ó rí olè náà lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ojú rẹ̀, ó sì wù ú kó yìnbọn fún un. Bó ṣe wù ú tó yẹn ló bà á lẹ́rù. Ó dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìdáàbòbò. Baba tó ni ín ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Wọ́n ṣàlàyé pé ìbọn tí kò níwèé-àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni. Òfin gbà kéèyàn gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ bí olè bá ti kẹ̀yìn tó ń sá lọ, tó o bá lù ú, ìwọ ni wọ́n máa mú. Wọ́n wá gbé agolo kan jáde tí wọ́n rọ ata sí, tí èèyàn á tẹ̀ kó fín sójú olè. Òfin fọwọ́ sí ìyẹn. Aránṣọ ní kí wọ́n fún òun ní méjì.

Ìyá àgbà na ọwọ́ òsì gba agolo náà, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n wá kọ ẹnu rẹ̀ sí ara wọn.

"Ṣé ibí ni ata ti ń jáde?"

Baba yára gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ ṣeun," ìyá àgbà ní. "Olè ò tíì dé, màá ti fi ata sí ara mi lójú dè é."

Baba rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín.

"Màámi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa wòran kí wọ́n tún wá kán èyí tó kù?"

"Ta ló ní kó o wòran? Ohun ìjà tí mo mọ̀ ọ́n lò ni ilẹ̀kùn. Bó bá ti tì, ó tì. Ẹni tó ni ín ni kó o lọ bá jà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Baba ní ìyá jàre: ohun ìjà tí ẹni tó wà nílé ò bá lè lò, olè la rà á fún. Aago kékeré kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ni wọ́n tà fún wọn. Béèyàn bá fa okùn rẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Aránṣọ délé, ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti ìyá wọn. Ó yọ ilẹ̀kùn jíjẹrà náà, ó gbé e rù, ó gba àárín títì dé ọ́fíìsì onílé, ó sì sọ ọ́ sórí tábìlì, lé gbogbo ìwé rẹ̀ lórí. Onílé bi í bóyá orí rẹ̀ pé.

"Ọwọ́ ìyá mi ni mo gbé wá fún yín," ó ní. "Mi ò ní kúrò níbí àfi tẹ́ ẹ bá fi ilẹ̀kùn irin síbẹ̀."

Onílé pariwo, ó ní òun á lé e jáde nílé. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ayálégbé mẹ́ta tó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka fèrèsé àti ilẹ̀kùn tiwọn náà sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, onílé ti gbà. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ ló jó irin náà fúnra rẹ̀. Kò tún dárúkọ ìbọn mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan tún fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà lọ́sàn-án. Irin kò mì. Ìyá àgbà fa okùn aago, àwọn ará ilé tú jáde, ẹni náà sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Wọn ò rí maṣínì gbà. Ọwọ́ ìyá àgbà jinná, àmọ́ ó wọ́. Aránṣọ ṣì ń pàdé onílé lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Kì í kí i.