Òkè Tó Ya Lé Rosenda Lórí

Ofelia Caal ló ń darí ìsìn nínú ilé ìjọsìn kékeré tó wà ní Sesajal, abúlé orí òkè kan, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Fada ń gun òkè wá lọ́dún. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń ka Ìwé Mímọ́ fún àwọn tó ń gbin kọfí lábúlé náà. Òun ló ń gbàdúrà fún aboyún, òun ló ń sìnkú. Bó bá ní Ọlọ́run wí, kò sẹ́ni tó ń bi í pé níbo ló ti wí i.

Lọ́dún tí òjò fi ọjọ́ mẹ́fà rọ̀ láìdá, Rosenda àbúrò rẹ̀ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ti là. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ yìí lọ sí ilé ìwé tó wà nísàlẹ̀."

"Nínú òjò yìí? Kí odò lè gbé yín lọ? Padà sílé, èmi á gbàdúrà. Ẹni tó gbé òkè kalẹ̀ mọ bó ṣe máa dì í mú."

Rosenda rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ó parí." Ó pọn àbíkẹ́yìn, ó fa ọmọ àgbà lọ́wọ́, wọ́n sì padà.

Ofelia kúnlẹ̀. Àdúrà náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó yí tọ́tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, tó wà lórí iná, òkè ya. Ariwo rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wa ẹrẹ̀. Wọ́n rí Rosenda, wọ́n rí ọmọ àgbà. Wọn ò rí èyí tó pọ̀n.

Fada wá sìnkú wọn. Ó ní, "Ìyá Ofelia, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ìfẹ́ Ọlọ́run ni."

"Tó bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ̀ ni, Fada, kí ni mo wá ń bẹ̀ ẹ́ fún? Tí kì í bá sì ṣe ìfẹ́ rẹ̀, níbo ló wà?"

Fada wo bàtà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò. "Èmi náà ò mọ̀, Ìyá."

Ìbá sàn fún un kí Fada purọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ofelia lọ bá Crisanto, ọkọ Rosenda, ẹni tó wà lóko kọfí lódìkejì odò lọ́jọ́ tí òkè ya. Ó bá a níbi tó ti ń yín àgbàdo.

"Crisanto, èmi ni mo ní kó padà sílé."

"Mo mọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi."

"O mọ̀, o ṣì ń kí mi?"

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára àgbàdo. "Kí ni kí n wá ṣe? Ká ní mo wà nílé ni, ọ̀dọ̀ yín náà ni ǹ bá rán an sí."

Èpè ni Ofelia gbára dì fún. Ìyẹn ìbá tiẹ̀ rọrùn láti gbé lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn èèyàn jókòó dè é. Ó wá, nítorí kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Petrona, ìyàwó alágbẹ̀dẹ, gbé ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ síwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbọ́wọ́ lé e."

"Gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Lọ báyìí."

"Màá lọ, Ìyá. Ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà fún un ná."

"Mo ní máa lọ, Petrona."

Petrona dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Nígbà tó yá, ó fi aṣọ bo ọmọ náà lórí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Wọ́n ń wo Ofelia, Ofelia ń wo ilẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku Ofelia nìkan lórí àga, tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ láti kúnlẹ̀.