Yàrá Àlejò Pàtàkì

"Ẹ ní sùúrù, Màmá." Ìgbà kẹrin nìyí tí ọ̀gá pápákọ̀ òfurufú máa sọ ọ́ láàárín wákàtí kan, kò sì gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dúró síwájú tábìlì rẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló ti ń gbálẹ̀ pápákọ̀ náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, nígbà tí ọ̀gá yìí ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé. Òun àti sùúrù ti jọ gbé pọ̀ débi pé wọ́n ti sú ara wọn.

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ò lè dúró mọ́. Egungun ìbàdí wọn ni dókítà ìlú tí wọ́n ń lọ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí lọ́la. Bàálù ò dé, àga ò sí. Ẹ jẹ́ n ṣí Yàrá Àlejò Pàtàkì fún wọn."

"Àbí ẹ̀gbọ́n yín ti wá di àlejò pàtàkì?"

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ yí padà, ó jáde.

Nínú gbọ̀ngàn, àga mẹ́rin péré ló ṣẹ́kù tí ẹsẹ̀ wọn pé, àwọn abiyamọ sì ti gba gbogbo wọn. Lára ògiri, pátákó ńlá kan ṣì ń ka dúkìá ibẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì: ilé oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò dáná níbẹ̀ rí, ọkọ̀ panápaná tí táyà rẹ̀ ti jò láti ọdún méje, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi sórí èrò. Oko olóko ni wọ́n hú kí wọ́n tó kọ́ pápákọ̀ náà. Wọ́n ní bàálù mẹ́wàá ni yóò máa balẹ̀ lójúmọ́. Méjì ló ń balẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn tó bá wù wọ́n.

Yàrá Àlejò Pàtàkì ló gbẹ̀yìn lórí pátákó náà. Èèyàn ńlá tó wá ṣí pápákọ̀ jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ló gbé omi fún un, nítorí náà ó mọ̀ ọ́n dájú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ti yàrá pa dè é. Ọkùnrin náà ti kú tipẹ́. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni ìyá yìí ń ṣí i, tó ń nu ọ̀rá tó bo àwọn àga, tó sì ń tún un tì. Aboyún kan ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó jẹ́ kóun jókòó. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ kọ̀, ó ní àṣẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara ti ògiri, òógùn bò ó.

"Jẹ́ n máa lọ sílé. Màá tún padà wá."

Ẹ̀rù ba àbúrò. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi retí ọjọ́ tí dókítà dá yìí. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi lè padà sílé, ó parí nìyẹn, kò ní jáde mọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òun ti sọ̀rọ̀ títí, ẹnu ti rẹ̀ ẹ́. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò.

"Ẹ dì mí mú, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọ̀gá sáré tẹ̀ lé wọn. "Màmá! Bí àlejò bá dé ńkọ́?"

"Ó ti dé."

"Màá kọ̀wé nípa yín o!"

"Ẹ bá mi kọ ti àga mọ́ ọn."

Ó ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ó fa ọ̀rá orí àga kan ya, ó rọra gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó. Àwọn àgbàlagbà kan ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ ń wò?" ló jágbe mọ́ wọn. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó!" Wọ́n wọlé. Ó ku àga kan.

"Ìwọ náà jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ta lò ń dúró dè?"

Ó jókòó. Ó sún sápá ọ̀tún, ó sún sápá òsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àga yìí tù yín lára?"

"Rárá o, ó le bíi pákó. Àmọ́ mo lè dúró de bàálù báyìí."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aboyún ọjọ́sí ló wá sí i lọ́kàn, bó ṣe di ẹ̀gbẹ́ mú lẹ́nu ọ̀nà yìí gan-an, tó ń sọ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni.