Ta Ló Jẹ Oúnjẹ Orí Bẹ́ǹṣì?

"Bí mo bá hanrun níbí, wọ́n á máa ti ilẹ̀kùn ní Kútọnu. Oorun tèmi kì í ṣe oorun ènìyàn. Lọ́jọ́ kan tí mo sùn, oòrùn fẹ́ẹ́ yọ, ó yọjú wò mí, ó ní kí òun má jí mi, ó padà sílé."

Báyìí ni Lásún ṣe la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì kẹfà, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, níwájú àwọn tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bẹ́ǹṣì iwájú ni gbogbo wọn ń wò. Bẹ́ǹṣì náà ti ṣófo.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yìí kì í ṣe kékeré. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ náà máa ń padà sí kíláàsì wọn láti rántí àwọn tó ti kú nínú wọn. Wọn kì í gbé fọ́tò síwájú, wọn kì í sì í sunkún. Ohun tí olóògbé fẹ́ràn láti máa jẹ nígbà ìsinmi, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ni wọ́n máa ń gbé ka orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá jẹ ẹ́ ní sàráà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan oúnjẹ yẹn ṣáájú àwọn ọmọ, òun ni yóò bó ẹ̀wà gbogbo ẹgbẹ́ lójú agbo lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé ilé ìwé nídìí. Lásún, bàbá àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, mọ òfin náà dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn yòókù lọ ro ibojì àwọn olóògbé wọn mẹ́tà: Fọlọ́runṣọ́ télọ̀, Ìbídùn agbẹ̀bí àti Múdà ọlọ́kadà. Lásún ní orúnkún ń ro òun, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣọ́ oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n dé, ewé nìkan ló kù nílẹ̀, Lásún ń sùn, òbúkọ kan sì dúró lé e lórí.

"Lásún, oúnjẹ dà?" Ọdẹ́wálé, alága ẹgbẹ́, ló béèrè.

"Àwọn tó ni ín ti wá jẹ ẹ́."

"Àwọn wo?"

"Àwọn òkú wa ni. Ẹ jókòó, ẹ má dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá. Bí ẹ ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí ni àlá kan gbé mi. N kò tíì di ojú kejì tó fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ǹṣì yìí ló kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní, 'Lásún, gbé ìdí kúrò lórí mi, o ti sanra ju ìgbà ìwé mẹ́fà lọ.' Mo ní, 'Ẹ má bínú sà.' Mo dìde. Bí mo ṣe wo òkè ni mo rí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé tó ń léfòó lórí igi máńgòrò bí igbá lórí omi. Fọlọ́runṣọ́ yọrí lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń lu aago ìsinmi."

"Àkókò ìsinmi ti tó ni?" ẹnì kan bi í.

"Ó tó kẹ̀? Ìgbà wo ni Fọlọ́runṣọ́ dúró kí àkókò tó rí? Ebi ló máa ń wò, kì í wo aago. Ó ní òun ló ń lu aago lọ́run báyìí, àwọn áńgẹ́lì kì í ṣiṣẹ́ dọ́sàn-án mọ́. Téèpù télọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa ìkuukùu kan wálẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó ní á tó agbádá fún mi. Ó sì gé e kúrú."

Ẹ̀rín bú. Agbádá ìgbéyàwó tí Fọlọ́runṣọ́ rán fún Ọdẹ́wálé, ìdodo ló mọ. Alága fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lásún rí i pé ilẹ̀ ń dẹ̀, ó bá tẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀rín Ìbídùn ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ wá tẹ̀lé e. Gbogbo ọmọ tó gbẹ̀bí wọn ló pọ̀n sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn mìíràn nínú wọn ti hu irùngbọ̀n. Wọ́n kí mi, mo dá wọn lóhùn. Múdà ló dé kẹ́yìn."

"Ó pẹ́ ni?" Ṣìdíkátù béèrè. Ọmọ kíláàsì ni òun náà, òun sì ni opó Múdà.

"Ó pẹ́ dáadáa! Ọ̀kadà tí kò ní táyà ló gùn wá. Ó ní òun rí ìyá arúgbó kan lọ́nà, òun kọ́kọ́ gbé e dé Sókótó."

Ṣìdíkátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òun náà nìyẹn! Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, alágbàfọ̀ kan ló kọ́kọ́ gbé lọ sílé, èmi ń dúró."

"Bí wọ́n ṣe fẹ́ jẹun ni alábẹ̀wò ilé ìwé wọlé tòun ti kóòtù. Ó ní, 'Ta ló fún àwọn òkú láyè ìsinmi?' Kó tó sọ ọ́ tán, ìwo hù lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Mo ní, 'Ẹ káàsán sà.' Ó ní, 'Mẹ̀ẹ̀ẹ̀.' Ohun tó sọ yé mi, òyìnbó ni. Ó ní kí wọ́n yára jẹ ẹ́. Fọlọ́runṣọ́ kó gúgúrú, Ìbídùn mú bọ̀ọ̀lì, Múdà jẹ mọ́ínmọ́ín, ó sì lá ewé rẹ̀. Ni òbúkọ bá fi ahọ́n nù mí lẹ́nu, ó ní ìpàdé ti parí. Mo lajú. Òbúkọ àdúgbò yín ló ń lá mi ní irùngbọ̀n."

Ṣìdíkátù nu omi ojú rẹ̀.

"Múdà jẹ mọ́ínmọ́ín?" Ṣìdíkátù béèrè.

"Ó jẹ ẹ́, kò bẹ̀rù."

"Mùdàṣírù tèmi, tí ẹ̀wà ṣíbí kan máa ń mú kí ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì?"

"Bọ̀ọ̀lì ni ti Múdà," Ọdẹ́wálé wí. "Ìbídùn ló ni mọ́ínmọ́ín. Ọmọ kíláàsì wo ni kò mọ̀ ọ́n?"

Lásún ní, "Wọ́n ti wò ó sàn lọ́run."

"Ó dáa o," ni Ṣìdíkátù wí. "Múdà ló lá ewé, epo wá dé irùngbọ̀n ìwọ."

Lásún fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Òbúkọ ní ẹnu ọ̀nà ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Òbúkọ wà níbí látàárọ̀!" Ọdẹ́wálé pariwo. "O ò kúkú purọ́ mọ́ òbúkọ! Òkú lo lọ purọ́ mọ́!"

Lásún yíjú wo òbúkọ. Kò tiẹ̀ ronú kan òbúkọ rárá. Ọdẹ́wálé ti na ọwọ́ sínú àpò, ó ń fa ṣòkòtò péńpé kan jáde, kákí tó ti ṣá. Lásún wo ṣòkòtò náà, ó wo fèrèsé. Orúnkún tó ń ro ó láàárọ̀ ló kọ́kọ́ gba fèrèsé kọjá, òun náà tẹ̀lé e.

"Lásún! Tètè dé lọ́dún tó ń bọ̀ o!" Ṣìdíkátù ń ké láti ojú fèrèsé, ó di ìhà rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín. "Ẹ̀wà ò ní bó ara rẹ̀!"

Ọkùnrin tí oòrùn bọ̀wọ̀ fún, tó padà sílé nítorí rẹ̀, ti ń sáré gba àárín pápá lọ, òbúkọ sì ń lé irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn.